Ẹ̀rọ Tí Mo Dín Ìyára Rẹ̀ Kù

Ọjọ́rú ni ọkùnrin náà kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, ó gbá ẹ̀rọ géèmù kan mọ́ àyà bí ìgbà téèyàn gbé ọmọ tí ara rẹ̀ ò yá. Ó kí mi dáadáa. Ó ní tí òun bá ti lo ẹ̀rọ náà fún ogún ìṣẹ́jú, ṣe ló máa ń pa ara rẹ̀ láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án.

Mo ní kó fi sílẹ̀. Irú iṣẹ́ tí mo mọ̀ jù nìyẹn. Ẹni tí kò bá mọ̀, kí n là á yé e: ṣíìpù kan wà nínú ẹ̀rọ géèmù tó ń ya gbogbo àwòrán tí ẹ ń rí lójú tẹlifíṣọ̀n. Aago kékeré kan ń lù nínú ṣíìpù yìí. Bí aago náà bá ṣe ń yára tó ni àwòrán á ṣe dán tó, tí á sì máa lọ geere. Ṣùgbọ́n bó bá ṣe ń yára ni á máa jẹ iná, bó bá sì ṣe ń jẹ iná ni á máa gbóná. Tó bá gbóná kọjá ààlà, ẹ̀rọ á pa ara rẹ̀ kó má baà jóná.

Mo tú u. Fáànù rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ìpara tó ń gbé ooru kúrò lórí ṣíìpù kò tíì gbẹ rárá. Mo tàn án, mo jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́rin gbáko lórí tábìlì mi, kò pa. Mo dá a padà fún un, mo ní kò sí ohun tó ṣe é.

Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, ó tún dé, ẹjọ́ kan náà ló tún rò. Mo tún dán an wò, ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ bí tuntun. Nígbà tó máa wọlé ní Ọjọ́rú kẹta, mo wò ó láti òkè délẹ̀. Ẹ má dá mi lẹ́bi o. Ọkùnrin tó dáa lójú, tó ń gbé ẹ̀rọ tí kò ṣàìsàn wá sọ́dọ̀ obìnrin tí kò tíì lọ́kọ, lọ́jọ́ kan náà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí lẹ fẹ́ kí n rò?

Mo ní, "Ọ̀gbẹ́ni, tó bá jẹ́ èmi lẹ wá wò, ẹ sọ ọ́. Ẹ má fi ẹ̀rọ ṣe àwáwí mọ́."

Ó gbé ẹ̀rọ náà ka orí tábìlì mi. "Ẹ̀rọ ni mo gbé wá, ẹ jọ̀ọ́," ló wí. "Bọ́ọ̀sì méjì ni mò ń wọ̀ kí n tó dé ọ̀dọ̀ yín."

Ojú tì mí bíi kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì. Kí n lè ríbi yẹ̀ ẹ́ sí, mo sọ fún un pé màá tẹ̀ lé e délé lọ wo ibi tó ń gbé e sí. Èmi tí n kì í lọ sílé oníbàárà kankan. Inú bọ́ọ̀sì kejì ni mo ti rí i pé ó ń rẹ́rìn-ín sínú. Ó ní kì í ṣe pé òun ò rí mi o, ẹ̀rọ náà ló jẹ òun lógún jù. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti sọ ọ́ ní Ọlọ́jọ́rú.

Ọ̀dọ̀ màmá rẹ̀ ló ń gbé. Nọ́ọ̀sì ni màmá náà kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ojú wọn sì mú bíi ti ẹni tó ti fi ogójì ọdún mọ ẹni tó ń ṣàìsàn yàtọ̀ sí ẹni tó ń díbọ́n. Nínú pálọ̀ wọn, kò sí ohun tí wọn ò fi aṣọ tí wọ́n fọwọ́ hun bò. Àga wọ aṣọ, rédíò wọ aṣọ, tẹlifíṣọ̀n náà wọ aṣọ. Inú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì ni wọ́n ń ti ẹ̀rọ géèmù mọ́, aṣọ òwú onípele méjì ló sì bò ó lórí mọ́lẹ̀.

Mo ti ọwọ́ bọ ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù náà. Ooru tó wà níbẹ̀ tó láti fi lọ aṣọ. Ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Ẹ̀rọ ò rí ibi mí.

"Ọmọ yìí," màmá ní, "kí lo sọ nù sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù mi?"

Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí n ti sọ̀rọ̀. Ẹnu mi ti là. Ṣùgbọ́n kí n tó sọ ohunkóhun, wọ́n ti ń sọ ìtàn àwọn aṣọ náà fún mi. Wọ́n ní ọdún tí ọkọ àwọn fi dùbúlẹ̀ àìsàn, ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀ ni àwọn ti hun gbogbo wọn, torí ọwọ́ tó bá ṣíwọ́ nígbà yẹn, ẹkún ló máa sun. Wọ́n ń fọwọ́ pa èyí tó wà lórí ẹ̀rọ náà bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ṣé èmi ni màá wá sọ fún wọn pé kí wọ́n ká a kúrò?

Kí n má parọ́, kì í ṣe àánú nìkan. Ọmọ wọn ti ń wù mí. Mi ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí màá bá wọn sọ jẹ́ ẹ̀sùn.

Mo gbé ẹ̀rọ náà padà sí ṣọ́ọ̀bù. Mo so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mi, mo dín ìyára ṣíìpù náà kù dé nǹkan bí ìdajì, mo sì fi ààlà sí iná tó lè gbà. Báyìí, ì báà jẹ́ aṣọ mẹ́ta ni wọ́n dà bò ó, kò lè gbóná débi tí á fi pa. Ẹni tó kàn ń fi ṣeré lè má tiẹ̀ mọ ìyàtọ̀. Ọlọ́jọ́rú bi mí ohun tó ṣe é, mo ní mo ti tún un ṣe. Ó dúpẹ́ títí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀. Mo gba ìdúpẹ́ náà.

Ohun kan ṣoṣo ni mi ò bi í. Mi ò bi í pé kí ló ń fi ẹ̀rọ náà ṣe.

A bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ra. Oṣù mẹ́jọ tí mi ò rí irú rẹ̀ rí nìyẹn. Á wá lọ́sàn-án, á ra búrẹ́dì àti ẹyin dání, a ó jọ jẹ ẹ́ láàárín àwọn ẹ̀rọ tí mo tú sílẹ̀. Injiníà mi ló ń pè mí. Tí mo bá ń jó irin mọ́ irin, tí èéfín ń rú sí mi lójú, á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, á máa fi páálí fẹ́ ẹ kúrò. Kò sẹ́ni tó ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi rí.

Ó sọ fún mi pé géèmù ni òun ń ṣe jẹun, òun nìkan ló sì ń dá a ṣe. Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti gbà á ní ọdún mẹ́rin, nígbà míì á ní bóyá òun ò mọ iṣẹ́ náà, màá ní kó má sọ bẹ́ẹ̀. Òjò ń rọ̀ ní òpópónà kan, gbogbo ilẹ̀ tutù, ìmọ́lẹ̀ ilé ń tàn nínú omi, ewé ń já láti orí igi. Ẹni tó bá ń gbá géèmù náà á máa wá ẹni tó sọ lẹ́tà kan nù. Akólẹ́tà àgbàlagbà kan tó ń pín lẹ́tà láti ilé dé ilé sì máa ń gba ojú ọ̀nà náà kọjá, àpò ní èjìká. Bàbá Ọlọ́jọ́rú ni. Iṣẹ́ tí bàbá náà ṣe títí àìsàn fi dá a dùbúlẹ̀ kó tó kú nìyẹn.

Mo gbọ́ gbogbo èyí, mo sì rò lọ́kàn mi pé orí kọ̀ǹpútà ló ti ń ṣe é. Bẹ́ẹ̀ náà ni. Ṣùgbọ́n orí ẹ̀rọ tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù màmá rẹ̀ ló ti ń dán an wò, torí irú ẹ̀rọ yẹn ni àwọn tó máa rà á máa lò. Ọmọdé tó bá mọ iṣẹ́ mi lè ro èyí já. Èmi ò rò ó. Inú mi ń dùn jù.

Àwọn ará ilé wa ò gbà fún wa kíákíá. Wẹ́dà ni bàbá mi, òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń di irin gbígbóná mú. Ó ní òun ò rí ọkùnrin tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí á ní eré lòun ń ṣe, tí á wá ní òun fẹ́ fi mí ṣaya. Màmá Ọlọ́jọ́rú ní tiwọn wo àpá iná tó wà lọ́wọ́ mi, wọ́n bi mí bóyá mo ní í lọ́kàn láti yí iṣẹ́ padà. Díẹ̀díẹ̀ ló fi rọ̀. Wọ́n pè mí wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń hun aṣọ, ọwọ́ mi le bí igi, wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Bàbá mi náà pàpà ní kí wọ́n dá ọjọ́, òun fẹ́ lọ rí màmá ọkùnrin náà. Wọ́n mú Sunday ìparí oṣù.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ náà ni Ọlọ́jọ́rú ní kí n wá wo géèmù òun, ó ti parí. Àwọn kan fẹ́ rà á, Friday tó ń bọ̀ ni òun máa fi ránṣẹ́. A jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n nínú pálọ̀ wọn ní ọ̀sán ọjọ́ Satide. Òpópónà náà jáde. Ilẹ̀ gbẹ. Kò sí ewé. Kò sí òjò.

Mo dúró kí akólẹ́tà kọjá, kò kọjá.

"Bàbá ńkọ́?" mo bi í.

Ó ní ẹ̀rọ ò gbé e. Láti bí oṣù mélòó kan ni àwòrán rẹ̀ ti ń ta gẹ́ẹ́gẹ́ẹ́, á dúró, á tún fò, ó rò pé òun ni òun ò mọ iṣẹ́. Ó mú òjò kúrò, ó ṣì ń ta gẹ́ẹ́gẹ́ẹ́. Ó mú ewé kúrò. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í gé lára bàbá rẹ̀, ó mú ìṣẹ́po aṣọ rẹ̀ kúrò, ó mú mímì àpò rẹ̀ kúrò, ó sọ ìrìn rẹ̀ di ìrìn lásán, títí kò fi jọ èèyàn kankan mọ́. Ìgbà tó dà bẹ́ẹ̀ ló yọ ọ́ pátápátá. Mo bi í bóyá ó tọ́jú ti àtijọ́. Ó ní rárá, èyí tuntun lòun máa ń fi bo ti àtijọ́ mọ́lẹ̀, torí bí òun bá tọ́jú èyí tó dáa, òun ò ní lè parí èyí tó ṣeé tà.

"Oṣù tí a sin ín ni mo ṣe ìrìn yẹn," ló wí. "Mo ṣì ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú ilé nígbà yẹn. Báyìí, mo dijú, mi ò rí i mọ́."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀ lẹ́yìn tó sọ ọ́. Gbogbo ohun tó ń sọ, mo mọ iye tó jẹ́, torí èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ náà: ìdajì ìyára. Lójú ẹ̀rọ tí wọn ò dín ìyára rẹ̀ kù, òjò yẹn kò tó nǹkan.

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi gbé e sínú. Mo ro gbogbo ọ̀nà. Tí mo bá dákẹ́, á fi géèmù gbígbẹ náà ránṣẹ́, a ó ṣègbéyàwó, màá sì máa bá a gbé pẹ̀lú ohun tí mo ṣe sí bàbá rẹ̀. Tí mo bá sọ, ó ṣeé ṣe kí n má rí i mọ́. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn.

Bàbá mi ni mo lọ bá. Mo rò pé inú rẹ̀ á dùn, torí kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ ọkùnrin náà tẹ́lẹ̀. Ó gbọ́ mi tán, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún.

"Tí mo bá fi iná jó irin onírin," ó ní, "èmi ni mo máa ń lọ sọ fún un, kó tó fojú ara rẹ̀ rí i. Àwọn kan ò padà wá mọ́ o. Ṣùgbọ́n n kì í sá fún ẹnikẹ́ni lójú pópó."

Ọjọ́rú ni Ọlọ́jọ́rú wá sí ṣọ́ọ̀bù, búrẹ́dì lọ́wọ́. Mi ò jẹ́ kó jókòó.

"Kò sí ohun tó ṣe iṣẹ́ rẹ," mo ní. "Èmi ni mo dín ìyára ẹ̀rọ yẹn kù."

"Ìgbà wo?"

"Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ilé yín. Aṣọ tó wà lórí rẹ̀ ló ń sé e mọ́. Mi ò lè sọ fún màmá. Mo fẹ́ kí wọ́n fẹ́ràn mi."

Mo rí i bó ṣe ń ka oṣù lọ́kàn. Ó gbé búrẹ́dì náà kalẹ̀ lórí tábìlì, jẹ́jẹ́.

"Gbogbo ìgbà tí mo ń sọ fún ọ pé bóyá n kì í ṣe ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí," ó ní, "o gbọ́ ọ?"

Mo ní mo gbọ́ ọ, mo sì gbà á níyànjú, mi ò mọ̀ pé èmi ni. Òótọ́ ni mo sọ. Òótọ́ ọ̀hún ò ṣe é láǹfààní kankan. Ì bá pariwo mọ́ mi, ì bá dùn mọ́ mi ju bó ṣe yí padà tó jáde lọ. Ní ìrọ̀lẹ́, ó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù mi pé kí bàbá mi má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu lọ́jọ́ Sunday.

Ọjọ́ kẹtàlá lẹ́yìn ìyẹn, mo gbórí sókè níbi iṣẹ́, màmá rẹ̀ ni mo rí lẹ́nu ọ̀nà. Bọ́ọ̀sì méjì ni wọ́n wọ̀. Mo sáré nu àga fún wọn, mo kúnlẹ̀. Wọn ò jókòó.

Wọ́n ní ọmọ àwọn ò jẹun dáadáa, kò sì sọ̀rọ̀, àfìgbà tí àwọn halẹ̀ mọ́ ọn ló tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn ò tiẹ̀ mọ̀ rí pé ọkọ àwọn wà nínú géèmù yẹn. Eré ọmọdé ni àwọn pè é.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi pé kí n ká aṣọ mi kúrò?"

"Ẹ̀rù yín ló bà mí, Màmá."

"Ẹ̀rù mi lo wá torí ẹ̀ pa ọkọ mi lẹ́ẹ̀kejì?"

Mo ń sunkún lórí eékún mi, níwájú oníbàárà méjì tó ń ṣe bí ẹni ń wo ara ògiri. Màmá jẹ́ kí n sunkún náà tó. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n, wọn kì í kánjú dí ẹkún lẹ́nu. Lẹ́yìn náà wọ́n fà mí dìde.

Wọ́n ní ogójì ọdún ni àwọn fi ń sọ òótọ́ tí kò dùn fún aláìsàn, àwọn ò sì mọ̀ pé inú pálọ̀ àwọn ni ẹnì kan á ti máa bẹ̀rù láti sọ ọ̀kan ṣoṣo fún àwọn. Ìyẹn dun àwọn ju aṣọ lọ. Wọ́n ní kí n wá sílé lọ́jọ́ Satide, kí n má pẹ́.

Mo débẹ̀ ní aago méjì ọ̀sán. Ẹ̀rọ náà ti wà lórí tábìlì gbalasa, fáànù rẹ̀ ń fẹ́. Ọlọ́jọ́rú wà nídìí kọ̀ǹpútà. Ó kí mi bí ẹni kí àlejò, ó ní kí n jókòó. Ó ti bẹ àwọn tó fẹ́ ra géèmù náà, wọ́n fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí i, wọn ò ṣèlérí nǹkan kan. Mo béèrè bóyá kí n so ẹ̀rọ náà mọ́ kọ̀ǹpútà tí mo gbé dání. Ó gbà. Mo dá ìyára ṣíìpù náà padà síbi tí àwọn tó ṣe é fi í sí, mo yọ ààlà tí mo fi sí iná rẹ̀. Ó tàn án. Òjò tó ti tún ṣe rọ̀ ní òpópónà náà láìta gẹ́ẹ́gẹ́ẹ́ rárá.

Akólẹ́tà jáde. Ó ti ń tún un ṣe láti ọjọ́ mélòó kan. Ó rìn kọjá pẹ̀lú àpò rẹ̀, ó rìn dáadáa, bí ẹnikẹ́ni.

"Kì í ṣe òun nìyẹn," màmá ní.

Ọlọ́jọ́rú ní òun mọ̀. Ó ní òun ti ṣe é nígbà mọ́kàndínlógún.

Màmá dìde. Wọ́n bọ́ sálúbàtà, wọ́n mú báàgì ọwọ́ wọn, wọ́n gbé e kọ́ èjìká òsì. Wọ́n ní ọdún mẹ́rìndínlógójì ni àwọn fi dúró lójú fèrèsé wo ọkùnrin náà bó ṣe ń lọ àti bó ṣe ń bọ̀, tí ẹlòmíì bá gbàgbé, àwọn ò lè gbàgbé.

Ọlọ́jọ́rú yọ fóònù rẹ̀ láti ya ìrìn náà sí fídíò. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó yí sí mi, ìgbà àkọ́kọ́ tó wojú mi lọ́jọ́ yẹn.

"Injiníà mi, bá mi dì í mú," ló wí. "Ọwọ́ tìrẹ kì í gbọ̀n."

Mo gba fóònù náà. Màmá rìn láti ẹnu ọ̀nà. Èjìká kan wálẹ̀ díẹ̀ nítorí ẹrù, ẹsẹ̀ ọ̀tún ń kọ́kọ́ wọ́lẹ̀ kó tó gbéra, orí ń wo nọ́ńbà ilé tí kò sí lára ògiri. Àgbà obìnrin ni mo mọ̀ pé mò ń wò, síbẹ̀ ọkùnrin kan ló ń kọjá nínú pálọ̀ náà. Ọlọ́jọ́rú fi ọwọ́ bo ẹnu. Omi ń dà lójú rẹ̀ wàrà wàrà.

Wọ́n dé ìdí ògiri, wọ́n dúró, ẹ̀yìn ni wọ́n kọ sí wa.

"Ẹnì kan gbọ́dọ̀ pè é," wọ́n ní. "Bí wọ́n bá pè é, gbogbo ara ló fi máa ń yíjú, kì í yí ọrùn nìkan. Ẹ pè é."

Ọlọ́jọ́rú la ẹnu, ohùn kò jáde. Ó tún gbìyànjú. Ó mi orí, ó wò mí.

Mi ò mọ bàbá náà rí. Mi ò bá a jẹun rí, mi ò kúnlẹ̀ kí i rí. Fóònù dúró gbọn-in lọ́wọ́ mi.

"Bàbá," mo pè. "Ẹ kú iṣẹ́ o."

Màmá yíjú. Èjìká ló kọ́kọ́ yí, lẹ́yìn náà ìbàdí, lẹ́yìn náà gbogbo ara, ọwọ́ kan di àpò mú kó má baà jábọ́. Ojú wọn tàn bíi ti ẹni tó gbọ́ ohùn tó dùn mọ́ ọn.

"Ta ló ń pè mí o?" wọ́n bi mí.

"Ìyàwó ọmọ yín ni," mo ní.

Mo wo Ọlọ́jọ́rú. Kò sọ pé irọ́ ni mò ń pa.